Ọwọ́ Tí Bàbá Fi Ọ̀já Dì

Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi àgbà kú, àwọn ọkùnrin gìrìpá rọ́ wọ ilé wa ní Hyattsville, wọ́n jókòó sórí àga tí ìyá mi àgbà fi ọ̀rá bò, wọ́n ń sunkún. Ọlọ́pàá wà nínú wọn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọ̀kan ti di olùkọ́. Bàbá ló kọ́ gbogbo wọn ní bésíbọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, Kóòṣì ni wọ́n sì ń pè é títí ó fi kú. Wọ́n ní ó fẹ́ràn àwọn bí ọmọ. Wọ́n ní èèyàn àtàtà ni. Mo gbé ẹlẹ́rìndòdò fún wọn, mo sì ń wò wọ́n lẹ́nu. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí Bàbá kò pè ní ìdọ̀tí rí.

Èmi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Bàbá gbọ́n, ó tẹpá mọ́ṣẹ́, ó gbé orúkọ wa dé ibi tí orúkọ Yorùbá kankan kò dé rí ní agbègbè wa, ó sì rorò. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ìgbà mìíràn sì wà tí mo kórìíra rẹ̀ débi pé oúnjẹ kì í gba ọ̀fun mi kọjá tó bá wà ní tábìlì. Gbólóhùn kan wà tí bàbá mi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré: "Mo ṣẹ̀ ọ́." Kò wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìbàdàn ni wọ́n ti bí Bàbá. Ó wá sí Maryland láti kàwé nígbà tí àwọn ará ilé ṣì ń rò pé Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ̀nù fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Iṣẹ́ gígé koríko ni kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ fún un kó fi máa jẹun, koríko pápá bésíbọ́ọ̀lù sì ni. Á fara ti ẹ̀rọ tó fi ń gé e, á máa wo bí ẹnì kan ṣe ń ju bọ́ọ̀lù kékeré líle, tí ẹnì kejì ń fi kóńdó gbá a. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé ìjà ni wọ́n ń jà. Nígbà tó wá yé e, kò sí ohun tó tún wù ú láyé mọ́. Ó di olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí wa, wọ́n wá ẹni tó máa ṣe kóòṣì tì, Bàbá sì nawọ́. Àwọn olùkọ́ òyìnbó tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó wá sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin lẹ bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ ọ́n tọ́."

Bó ṣe ń yan tíìmù ni mo máa kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ ni ìwà rẹ̀ ti hàn jù. Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ tíìmù á wá fi ara wọn hàn lórí pápá. Àwọn kóòṣì yòókù máa ń lẹ orúkọ mọ́ ògiri, kí ojú má bàa ti ẹni tí kò yege. Bàbá ní ìwà ojo nìyẹn. Á tò wọ́n sórí ìlà kan, á máa rìn lọ níwájú wọn bí ẹni tó ń ra ewúrẹ́. Tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò wù ú, á dúró, á wò ó lójú, á ní, "Máa lọ sílé. Bá mi kí ìyá rẹ." Ó parí. Kì í pariwo, kì í ṣàlàyé. Ọmọ náà á gbé báàgì rẹ̀, á rìn níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ títí dé ẹnu géètì, ọ̀nà géètì yẹn sì jìn.

Ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì nígbà tó mú mi dání lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí ìlà, bàtà rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Nígbà tí Bàbá sọ tirẹ̀ fún un, ọmọ náà kò kúrò lójú kan. Ó ní, "Kóòṣì, màmá mi ti kú." Mo rò pé Bàbá máa gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣẹ́. Ó ní, "Bá mi kí ẹni tó ń se oúnjẹ fún ọ." Nígbà tí a wọ mọ́tò, mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ó mọ ohun tó ń bí mi nínú. Ó ní, "Aláàánú kì í yan tíìmù, Àbẹ̀kẹ́."

Ó tún ní àbùkù kan tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ̀ dáadáa: kì í tọrọ àforíjì. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Òun fúnra rẹ̀ gba kóńdó lọ́wọ́ wọn, ó gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù sì wọ gíláàsì mọ́tò olórí ẹgbẹ́ akọrin lọ. Ọkùnrin náà sáré jáde pẹ̀lú aṣọ akọrin lọ́rùn. Kò bínú púpọ̀, ó kàn ń retí pé kí bàbá àgbàlagbà sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́." Alùfáà pàápàá jáde, ó ní, "Bàbá, ẹ kàn sọ sọ́rì fún wọn, ọ̀rọ̀ á tán." Bàbá tún gíláàsì náà ṣe lọ́jọ́ kejì, ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ni pé, "Ta ló ní kí ó páàkì síbẹ̀?"

Màmá, ìyá mi àgbà, ló ní òun mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ kóun tó fẹ́ ẹ. Ó ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, Bàbá tẹ ẹsẹ̀ òun mọ́lẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó sì bojú wo òun bí ẹni pé ẹsẹ̀ òun ló jẹ̀bi. Màmá máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá rẹ́rìn-ín tán, á mí kanlẹ̀, á ní, "Èmi ti fojú fò ó. Fẹ́mi ni kò lè fojú fò ó."

Fẹ́mi ni bàbá mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀já ti wọlé nìyí.

Bàbá ló kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, Màmá àti Dádì mi wá bá a lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Dádì ti tó ọmọ ọdún méje nígbà náà. Bàbá kò tíì di kóòṣì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gé koríko ni. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ jẹ, Dádì fi òsì mú ṣíbí. Bàbá gbé ṣíbí tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ìbéèrè yẹn dúró fún. A kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í fi jẹun, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí Ọlọ́run dá bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó bá yá a lára ló ń nà. Lọ́jọ́ kejì, Dádì tún fi òsì mú ṣíbí. Bàbá wọ yàrá, ó mú ọ̀já tí Màmá fi pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ jáde, ó fi di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe jẹun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ iṣẹ́ àṣetiléwá. Kì í ṣe ọjọ́ kan, kì í ṣe oṣù kan. Màmá kúnlẹ̀ bẹ Bàbá, ó ní ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi í mọ́. Bàbá dá a lóhùn pé, "Ìyẹn tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló fẹ́ fọ̀."

Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, mo bi Dádì léèrè bóyá wọ́n dì í le. Ó ní rárá o. Ó ní ọ̀já náà rọ̀, ó ti gbó, pé bí òun bá fa ọwọ́ òun díẹ̀, á yọ. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò fà á yọ nígbà náà?" Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ. Ó ní, "Ṣé o mọ bàbá mi ni?"

Ọwọ́ ọ̀tún kọ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Dádì ń kọ̀wé bí adìyẹ tó ń ta ilẹ̀, ó ń sọ ṣíbí nù, ṣùgbọ́n òsì kò jáde mọ́. Bàbá láyọ̀. Àárín ìgbà yẹn ni wọ́n fi í ṣe kóòṣì, ibẹ̀ ló sì ti wá mọ ohun tí kò sí nínú ìwé rẹ̀. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, ẹni tó ń fi òsì jubọ́ọ̀lù ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jù ú, nítorí náà ojú àwọn tó ń gbá a ti mọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù ọlọ́tún ń gbà bọ̀. Ti olósì máa ń dojú rú fún wọn. Kóòṣì tó bá ní olósì kan tó dáa, kò ní sùn pẹ̀lú ìbínú. Bàbá wá olósì kiri Prince George's County bí ẹni tó ń wá ọkọ fún ọmọ. Á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré, á máa wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń ju òkúta. Màmá ní òun rí i tó jókòó ní kíṣìnì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ń wo Dádì bó ṣe ń jìjàkadì pẹ̀lú bíírò. Ojú rẹ̀ yí padà, ó dìde, ó jáde.

Dádì náà fẹ́ wọ tíìmù bàbá rẹ̀. Ọmọ wo ni kò ní fẹ́? Ó ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé ní gbogbo ìgbà òtútù, ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ló fi ń jù ú. Ọjọ́ tí wọ́n ń yan tíìmù pé, òun náà dúró sórí ìlà. Ó ju bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó lọ́ra, ó wọ́ lọ. Bàbá rìn dé iwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù ń wò, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó máa ṣe fún ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ó wò ó lójú, ó ní, "Máa lọ sílé. Bá mi kí ìyá rẹ."

Ìyá rẹ̀ ni ìyàwó Bàbá fúnra rẹ̀. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Dádì gbé báàgì rẹ̀, ó rìn dé ẹnu géètì, ó fẹsẹ̀ rìn délé. Nígbà tó wọlé, ó jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an. Ó ní, "Màmá, Bàbá ní kí n kí yín."

Ọdún yẹn gan-an ni Bàbá rí Terrence. Ọmọ dúdú tó ń gbé ní àwọn ilé onítáyà tó wà lẹ́yìn ilé wa ni, ó ga, kì í sọ̀rọ̀, òsì rẹ̀ sì ń kọrin. Bàbá ń mú un wá sílé jẹun. Ó jókòó sí tábìlì kan náà tí wọ́n ti di Dádì, Dádì wà níwájú rẹ̀, Màmá bu ìrẹsì, Terrence sì fi òsì mú ṣíbí. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tilẹ̀ fi ẹran tirẹ̀ kún ti ọmọ náà. Màmá kì í ṣe oníjà, ṣùgbọ́n ó dìde lọ́jọ́ náà, ó wọ yàrá, ó mú ọ̀já jáde, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo Bàbá. Ó ní, "Dì í."

Bàbá ò fọwọ́ kan ọ̀já náà. Ó ní, "Àlejò ni." Màmá ní, "Fẹ́mi ńkọ́? Ọmọ onílé ni, àbí?" Terrence kò gbọ́ Yorùbá, ó ń jẹun lọ. Dádì ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀, òun sì ń retí pé kí Bàbá gbójú sókè wo òun, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bàbá sọ fún Màmá pé, "Bu omi fún ọmọ náà."

Mo mọ ìyókù fúnra mi, nítorí ojú mi ló ṣe. Gbogbo wa là ń gbé pọ̀ ní Hyattsville, èmi, Dádì, ìyá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nílé, àti àwọn àgbà méjèèjì. Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ti gbọ́ Yorùbá tí mò ń kọ yìí. Mo kéré gan-an nígbà tí Bàbá rí mi ní ẹ̀yìnkùlé, tí mo ju ọ̀pá sí ọ̀kẹ́rẹ́ kan. Òsì ni mo fi jù ú. Mo rò pé mo gbé. Lọ́jọ́ kejì, ó ra ìbọ̀wọ́ awọ fún mi, èyí tí wọ́n fi ń hán bọ́ọ̀lù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Ó ṣòfin fún mi o: "Òsì ń jubọ́ọ̀lù, kì í jẹun."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà nígbà tí Dádì ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Beltsville dé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ wo nìyẹn?"

Bàbá ò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ọwọ́ wúrà ni. Má ba ọmọ nínú jẹ́."

Nídìí oúnjẹ, Dádì kò jẹun. Ó ní, "Bàbá, mi ò bá yín jà. Ẹ kàn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní bèèrè mọ́. Just once. Pé ẹ ṣẹ̀ mí." Màmá wolẹ̀. Ọkùnrin tó ní ìyàwó, tó bímọ, tó ń wọ táì lọ síbi iṣẹ́ ìjọba, ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọdé, ó sì ń tì mí lójú. Bàbá jẹ ẹran tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Ó ní, "Ohun tí mo mọ̀ nígbà yẹn ni mo ṣe. Ẹni tó bá ṣe ohun tó mọ̀, kò ṣẹ̀."

Màmá ló kọ́kọ́ lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Mi ò rí Bàbá kó sunkún. Ó padà sí pápá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ tó lé lọ sílé lọ́dún náà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìgbà náà ó fẹ̀yìn tì, kò sì pẹ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi gbé e ṣubú ní ilé ìwẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú pátápátá. Èdè òyìnbó náà bá a lọ: ó ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ mọ́, Yorùbá nìkan ló kù sí i lẹ́nu. Ọkùnrin tó ti fi gẹ̀ẹ́sì bú rẹfirí tí rẹfirí ń bẹ̀ ẹ́, ó wá di ẹni tí Dádì ń ṣe ògbufọ̀ fún.

Ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un ni òsì. Obìnrin tó ń wá ṣe ìdárayá fún un láti ọsibítù ní kó máa fi jẹun, kí ara rẹ̀ lè jí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá fi òsì mú ṣíbí, ó ń gbọ̀n, ògì ń dà sí i láyà. Dádì ti di táì rẹ̀, ó jókòó sí iwájú rẹ̀. Mo rò pé ó máa gba ṣíbí náà kó ràn án lọ́wọ́. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń bèèrè aago. "Ọwọ́ wo nìyẹn, Bàbá?"

Ṣíbí dúró láàárín méjì. Bàbá wò ó. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, kò sì tún fi ọwọ́ yẹn jẹun mọ́ láyé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Dádì ló ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń fi aṣọ nù ún lẹ́nu, ó ń ṣe é dáadáa, kò sì rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí obìnrin ìdárayá béèrè ìdí tí aláìsàn kò fi gbìyànjú, Dádì ní àṣà wa ni. Mo pariwo mọ́ ọn ní kíṣìnì. Mo ní, "Dádì, that's wicked! Ẹ̀yin náà!" Ó ń fọ àwo, kò yíjú. Ó ní, "Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ."

Ilé ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ yẹ́ Bàbá sí fún gbogbo ọdún tó fi ṣe kóòṣì. Àárọ̀ Sátidé kan ni, oòrùn mọ́, koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Wọ́n to àga sórí pápá. Àwọn ọkùnrin tó sunkún nílé wa lẹ́yìn náà, gbogbo wọn wà níbẹ̀, wọ́n ń nawọ́ síra wọn, wọ́n ń fi ohùn Bàbá sọ fún ara wọn pé, "Máa lọ sílé, bá mi kí ìyá rẹ," wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. Dádì ń ti Bàbá lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ó gbọ́ wọn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn, sọ̀rọ̀ pẹ́, ó sì gbé àwo ìrántí kan tí wọ́n fín orúkọ Bàbá sí wá fún un. Ó nà án sí i. Òsì Bàbá wà lórí itan rẹ̀, ó dára, ó lè gbà á. Kò gbé e. Àwo náà yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí koríko, gbogbo èèyàn ní "áà!" wọ́n rò pé àìsàn ni. Èmi nìkan ni mo wo ojú Dádì.

Obìnrin náà bẹ̀ wá, ó gbé àwo náà lé mi lọ́wọ́, ó wá gbé makirofóònù súnmọ́ ẹnu Bàbá. Ó ní, "Kóòṣì, nínú gbogbo àwọn tó jubọ́ọ̀lù fún yín, ta ló dáa jù?" Gbogbo ojú yí sí Terrence, tí irun rẹ̀ ti ń funfun létí. Terrence wolẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bàbá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Ó yí i lọ sẹ́yìn, ó fi nà sí Dádì tó dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ọ̀kan ṣoṣo ni. Èmi ni mo fi ọ̀já dì í lọ́wọ́."

Nínú gbogbo èrò yẹn, èmi àti Dádì nìkan ló gbọ́ Yorùbá, torí ìyá mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó yí makirofóònù sí Dádì. "Kí ni Kóòṣì sọ?"

Dádì gba makirofóònù. Ó fi gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá: "Ó ní ẹ ṣeun. Ó ní gbogbo wọn ló dáa." Àtẹ́wọ́ gba pápá kan. Terrence ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Nínú mọ́tò, Dádì kò tíì ṣíná ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Bàbá, àwa mẹ́ta péré ló wà níbí báyìí. Ẹ tún un sọ. Ẹ má sọ ọ́ fún wọn, ẹ sọ ọ́ fún mi." Mo di àwo ìrántí náà mú lẹ́yìn, mò ń gbàdúrà pé, Olúwa, jẹ́ kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Bàbá ti yíjú sí fèrèsé, ó ń wo àwọn tó ń kó àga kúrò lórí koríko rẹ̀. Ó ní, "Wa mọ́tò rẹ."

Kò lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn tán. Ọ̀sán ni, a ti ṣí fèrèsé, mo jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, Yorùbá náà ti lọ. Dádì dúró tì í. Bàbá yọ ọwọ́ òsì rẹ̀ lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, ó là á sílẹ̀, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á mọ ohun tó ń fẹ́. Ó fẹ́ kó di òun lọ́wọ́ mú. Bóyá ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ ni ọwọ́ náà ń sọ, bóyá ẹ̀rù ló ń bà á. Mi ò lè mọ̀ ọ́n.

Dádì wo ọwọ́ náà. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́." Ó tẹ̀ ba, ó mú ọwọ́ náà jẹ́jẹ́, ó gbé e padà sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá, ó fa búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó sì ki etí búláńkẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Kò le. Ó kàn tẹ́ ẹ dáadáa ni.

Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, Bàbá. Ẹ bá mi kí ìyá mi."

Bàbá ń wò ó. Ọwọ́ náà gbé búláńkẹ́ẹ̀tì díẹ̀, ó sì dúró. Kò fà á yọ.